Igi Gogoro Abẹ́ Jíìpù

“Igi gogoro má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.” Ẹni tó bá ń ti ìlú Ìjàgbó wọ ọ̀nà oko lásìkò òjò, tó wá ń wá jíìpù tòkunbọ̀ rà, òun gan-an ni òwe yìí ń bá wí. Òkèèrè tí àwọn àgbà ń wí ni kí owó tó kúrò lápò.

Ẹ wo Nissan Pathfinder ọdún 2005 sí 2010. Inú rédíétọ̀ rẹ̀ ni páìpù tó ń mú kí òróró gíà tutù wà. Bí páìpù yìí bá sán, omi á wọ inú gíà, òróró á rí bí ògì tí wọ́n bu sobo sí. Gíà ti lọ nìyẹn! Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ ṣí rédíétọ̀, kí mẹkáníìkì yẹ òróró gíà wò. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ tó bá ní kí ẹ má ṣí nǹkan kan, ẹ dágbére fún un.

Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ náà pẹ̀lú. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní àríwá Amẹ́ríkà nígbà yìnyín a máa jẹ ṣásí. Nítorí náà, ọ̀dà dúdú tuntun lábẹ́ ọkọ̀ máa ń fu mí lára, torí ó lè bo ìpẹtà mọ́lẹ̀. Ẹ fi òòlù lù ú wò.

Ó wá ku ìwé ọkọ̀. Láti oṣù Kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé. Bí kò bá sí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, ẹ má san kọ́bọ̀.