Omi tí a dà síwájú

Èmi ni Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ ní Ìkòròdú níbí. Ọpẹ́ méjì ni mo gbé wá sí iwájú pẹpẹ lónìí, ọpẹ́ omi àti ọpẹ́ iná. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi gba ilé lọ́wọ́ wa, kò gba ẹnì kankan nínú wa. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, iná jó ilé tí à ń gbé, tọmọdé tàgbà wa sì jáde láàyè. Ọlọ́run ló yọ wá. Mo fẹ́ rò ó fún yín bó ṣe yọ wá, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ilé tó ń gbọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ti omi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ajégúnlẹ̀ tiwa, èyí tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú nítòsí Òwódé-Ẹlẹ́dẹ̀, ẹ mọ̀ pé Odò Ògùn ni aládùúgbò wa. Òkè Ògùn lọ́hùn-ún, níhà Sẹ̀pẹ̀tẹ̀rì, ni odò náà ti ń ṣàn bọ̀. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, kó tó wá wọ inú ọ̀sà. Nítorí náà, òjò tó rọ̀ níbi tó jìnnà lè kanlẹ̀kùn wa lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run tiwa mọ́ kedere. Ìdídò Ọ̀yán, ìyẹn dáàmù tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ Odò Ògùn, wà lápá òkè náà, nítòsí Abẹ́òkúta. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i, ó sì lè gba omi tó mílíọ̀nù 270 kúbíìkì mítà. Bí òjò bá pọ̀ tí ibẹ̀ kún, dandan ni kí wọ́n tú lára omi náà sílẹ̀ kí ìdídò má baà ya. Ẹni tó bá ń gbé ìsàlẹ̀ odò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé bí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Màmá Ẹ̀pẹ́, ìyá ọkọ mi, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Etí ọ̀sà ni wọ́n bí wọn sí, ẹja ni wọ́n sì ń tà ní Ọjà Olúwo kí ọjọ́ ogbó tó dé. Láti ìgbà tí mo ti wọlé ìyàwó ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn ni wọ́n ní kí a wá korobá oníke tí ìdérí rẹ̀ le dáadáa. A kó ìwé ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ, ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ilẹ̀ sínú ọ̀rá méjì, a dì í pa, a kó o sínú korobá náà. A fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá àwọn ọmọ kún un, èyí tí yóò tó lò fún ọ̀sẹ̀ kan, pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, owó wẹ́wẹ́ díẹ̀, àti pépà kan tí a kọ nọ́ńbà fóònù ẹbí sí. Màmá ní ọjọ́ tí bátìrì fóònù bá kú, kò sí ẹni tí yóò rántí nọ́ńbà àbúrò ara rẹ̀.

Wọ́n tún ní kí gbogbo wa fẹnu kò síbi kan. Bí ọ̀ràn bá dé tí oníkálukú wà níbi tirẹ̀, etí títì márosẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ga, ni a ó ti pàdé. Bí ibẹ̀ kò bá ṣeé dúró, ilé àwọn ní Ẹ̀pẹ́ ni kí oníkálukú forí lé. A kọ́ àwọn ọmọ títí tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n bí orúkọ ara wọn.

Nígbà tí omi dé, ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ gbà, ó bọ́ sí àgbàlá, ó wọ pálọ̀. Ọkọ mi ti pa iná mànàmáná láti ìdí mítà kí omi tó kan ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì, nítorí pé omi tí iná ti wọ̀ lè pa ènìyàn, bí kò tilẹ̀ jìn. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin àdúgbò fi ọkọ̀ àjẹ̀ gbé wa dé títì. Korobá wa wà lórí itan mi. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni àwọn ìbejì mi wà, kò sì sí nẹ́tíwọ̀kì tí mo lè fi pe tíṣà wọn. Ẹ̀yin ìyá, ẹ mọ bí inú mi ṣe rí. Nígbà tí a dé ibi ìpàdé wa, àwọn méjèèjì ti wà níbẹ̀, wọ́n jókòó lé báàgì wọn, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú. Mo dọ̀bálẹ̀ lójú títì, mo kígbe Halelúyà.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn aládùúgbò wa tí kò níbi tí wọ́n ń lọ sí àgọ́ tó wà ní Àgbọ̀wá, níhà Ẹ̀pẹ́. Láti ilé Màmá ni a ti lọ kí wọn, tí a sì gbé oúnjẹ dání. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi di òní. N kò gbọ́ kí ẹnì kan sunkún tẹlifíṣọ̀n tàbí àga. Ìyá kan ń wá oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀. Bàbá àgbà kan ń wá awò ojú rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń wá ìwé-ẹ̀rí WAEC tó fẹ́ fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Àwọn ohun tí kò wúwo, tí kò gba àyè, ni àìsí wọn wá di ẹrù. Nígbà tí mo ṣí korobá tiwa tí mo bá ohun gbogbo ní gbígbẹ, mo mọ̀ pé ọgbọ́n tí Ọlọ́run fi sẹ́nu àgbà ló ṣiṣẹ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí n wá bọ́ sí ti iná. Lẹ́yìn omi náà, a kó lọ sínú ìlú Ìkòròdú, níbi tí ilẹ̀ ti ga. Ilé àwọn ayálégbé ni, ìlẹ̀kùn wa kọjú síra wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ló wà láàárín. Màmá Ẹ̀pẹ́ ti ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Wọ́n wo ilé náà yípo, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. A jókòó pẹ̀lú Alhaja onílé wa, a sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ. Alhaja so agogo kan mọ́ ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, a sì fẹnu kò pé ẹni tó bá kọ́kọ́ rí iná ni kó lù ú. A kó iyanrìn sínú korobá méjì sẹ́yìn ìlẹ̀kùn. A gbé sílíńdà gáàsì tiwa síta, lẹ́yìn ògiri ilé ìdáná. Fèrèsé iyàrá wa ní irin bọ́gílárì tí olè kò lè gbà wọlé, àwa náà kò sì lè gbà á jáde bí ó bá wà ní títì. Nítorí náà a ní kí wẹ́dà ṣe ọ̀kan nínú wọn kó ṣeé ṣí láti inú, a sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ìṣó kan tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Ọ̀nà kan kò wọjà, ọ̀nà kan kò sì gbọdọ̀ jáde nílé.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, èyí tí gbogbo Èkó mọ̀ sí ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká látijọ́, ni a fi ṣe ọjọ́ àyẹ̀wò. A ó tan tọ́ọ̀ṣì wò, a ó wo ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́, a ó fi omi ọṣẹ pa ojú rọ́bà gáàsì bóyá yóò hó. Àwọn ọmọ yóò pa ojú dé, wọ́n á máa fọwọ́ wá ọ̀nà dé ibi kọ́kọ́rọ́.

Ní ìdájí ọjọ́ tí iná náà sọ, nígbà tí gbogbo ilé ṣì ń sùn, Màmá ló kọ́kọ́ gbóòórùn gáàsì. Ilé ìdáná ẹlòmíràn ló ti ń jò. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá gbà wọ yàrá, òórùn tí wọ́n sì fi sí i ni ìkìlọ̀ tí Ọlọ́run fún wa. Màmá kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan iná tàbí pa á, nítorí pé ìtàpàrà kékeré inú súìṣì tó láti mú kí gáàsì gbaná. Wọ́n jí wa ní ìkọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ kanlẹ̀kùn fún àwọn yòókù ni iná bú gbàù lódìkejì.

Ẹ̀yin ará, èéfín dúdú bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Táíwò fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ìlẹ̀kùn, ó gbóná. Kò ṣí i. Ó bọ́ síbi ìṣó, ó mú kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn, ó ṣí irin fèrèsé. A fà mọ́lẹ̀, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ tó mọ́ máa ń kù sí. Táíwò pọn ìyá bàbá rẹ̀ sẹ́yìn jáde bí ẹni pọn ọmọ. Ọkọ mi yí ẹ̀yìn ilé lọ sẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì lu agogo Alhaja. Agogo náà ló jí àwọn tí oorun ṣì ń gbé lọ. Kẹ́hìndé pe 112, ó sọ orúkọ àdúgbò, òpópónà, àti ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà níwájú wa kí àwọn panápaná má baà ṣìnà. Lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lójúde ni a ti ka ara wa. Gbogbo yàrá ló pé. Iná jó apá kan ilé náà. Kò jó ènìyàn.

Ọwọ́ àbíkẹ́yìn mi ló kan irin gbígbóná. Kí n tó mọ ohun tí mo máa ṣe, ẹnì kan ti gbé epo pupa dé, ẹlòmíràn gbé ẹyin àti ọṣẹ ìfọyín dé. Kẹ́hìndé kò gbà. Ó ṣí ẹ̀rọ omi lé ọwọ́ náà fún ogún ìṣẹ́jú, ó fi aṣọ mímọ́ bò ó, a sì gba ilé ìwòsàn lọ. Dókítà tó wò ó ní omi yẹn ló gba awọ ọwọ́ náà là. Lónìí, ọwọ́ yẹn ló fi ń lu ìlù nínú ẹgbẹ́ akọrin wa.

Mo mọ̀ pé ohun kan wà tó ń dí ọ̀pọ̀ nínú wa lọ́wọ́. Bí a bá ní kí a sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a ó ṣe bí iná bá sọ, a ó ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, a ó ní kí wọ́n má fi ẹnu pe ibi. Èmi náà ń ṣe àmín sí àdúrà yẹn. Ṣùgbọ́n Nóà kò pe òjò nígbà tó ń kan ọkọ̀. Jósẹ́fù kò pe ìyàn nígbà tó ń kó ọkà jọ ní Íjíbítì. Àwọn wúńdíá ọlọ́gbọ́n tó gbé òróró dání kò ṣàìgbàgbọ́ pé ọkọ ìyàwó ń bọ̀. Ìgbàgbọ́ wọn ló mú kí wọ́n múra. Ní 2022, omi pa ju 600 ènìyàn lọ ní Nàìjíríà, àwọn tó ń gbàdúrà sì wà nínú wọn. N kò lè dúró níhìn-ín kí n sọ pé àdúrà tèmi ló dára ju tiwọn lọ. Ohun tí mo lè sọ ni pé àánú rí wa gbà, àánú náà sì gba ọwọ́ àgbà tó kọ́ wa, ọwọ́ onílé tó so agogo, àti ọwọ́ ọmọ tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín. Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ yan ibi ìpàdé, ẹ sì sọ ọ́ fún ọmọ tó kéré jù nílé. Ẹ kọ́ wọn ní 112 àti 767, ọ̀fẹ́ ni pípè wọn ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ síbi kan ṣoṣo. Ẹ máa rọ omi mímu pamọ́, ẹ sì máa yọ gààrí díẹ̀ sọ́tọ̀. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, nítorí pé májèlé inú èéfín rẹ̀ kò láwọ̀, kò lóòórùn, ẹni tó ń sùn kì í mọ ìgbà tó wọlé. Bí epo inú àwo dídín bá gbaná, ẹ má da omi sí i, ẹ pa sítóòfù, kí ẹ fi ìdérí bò ó. Ẹni tí kò lówó korobá tuntun lè fọ ike ọ̀dà àtijọ́. Kò sí ilé tí agbára rẹ̀ kò ká èyí.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ àjẹ̀ tí wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn panápaná, lọ́wọ́ Alhaja onílé wa àti gbogbo aládùúgbò, Mùsùlùmí àti Kristẹni. Mo kúnlẹ̀ kí Màmá Ẹ̀pẹ́: ẹ ó pẹ́ fún wa, Màmá.

Ọrẹ ìdúpẹ́ tí èmi àti ọkọ mi gbé wá ni korobá onídèérí àti tọ́ọ̀ṣì fún gbogbo opó àti arúgbó inú ìjọ yìí. Àwọn ìbejì yóò gbé e dé ilé yín, wọn yóò sì bá yín to ohun inú rẹ̀. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a rí ọjọ́ tí a ó lò ó. Bí ọjọ́ náà bá sì dé, kó bá wa ní ìmúrasílẹ̀, kó ká orí gbogbo wa pé, lórúkọ Jésù. Àmín.