Gbèsè Ẹni Tó Jókòó Sílé

Nígbà tí agbo bá pọ̀ jù fún ilé tó wà, gbèsè wo ni ẹni tó jókòó sílé jẹ ẹni tó ń lọ? Ìbéèrè yìí kò fi mí sílẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ní kí ẹgbẹ́ àdúrà wa ní Kabong pín sí méjì. Àwa tí a ó kù ti ń ka àga. A ti ń sọ pé ìlù ò gbọdọ̀ kúrò.

Mo máa ń bá bàbá kan ládùúgbò wa lọ sí oko rẹ̀, níbi tó ti ń sin oyin. (Àwọn Hausa ń pe kòkòrò yìí ní kudan zuma, eṣinṣin oyin. Àwa ò pín orúkọ rárá: oyin ni kòkòrò, oyin ni ohun tó ṣe.) Bí ilé kan bá kún tí bàbá ò tètè pín in, wọn yóò pín ara wọn. Ìyá àtijọ́ ni yóò kó ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ jáde, yóò fi ilé àti afárá sílẹ̀ fún ọmọbìnrin rẹ̀ tí kò tí ì jáde nínú ihò. Oyin tí àwọn tó ń lọ bá mu sínú nìkan ni ẹrù wọn. Àgbà ló ń bọ́ sínú òtútù, ọmọ ló ń jogún ilé.

Bí bàbá bá fẹ́ pín wọn fúnra rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣe é, pẹ̀lú èéfín, torí oyin ilẹ̀ wa kì í gba ìwọ̀sí. Kì í gbé àpótí òfìfo fún ilé tuntun. Ó ń fún un ní afárá tó kún fún oyin, àti èyí tí ẹyin tútù wà nínú rẹ̀. Ẹyin yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀. Láti ara rẹ̀ ni àwọn tí kò ní ìyá ti lè fi oúnjẹ àkànṣe tọ́ ìyá tuntun, tí yóò jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 16 lẹ́yìn tí wọ́n yé ẹyin náà. Bí ìdin bá ti ju ọjọ́ 3 lọ, ó ti pẹ́ jù. Ẹni tó fún wọn ní afárá gbígbẹ nìkan ti pa wọ́n láìfọwọ́ kàn wọ́n.

Ìjọ náà mọ ìpín tí ẹnikẹ́ni ò ṣètò. Ní 1901, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell gba St. Paul's Breadfruit l'Ékòó kúrò lọ́wọ́ James Johnson, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ bínú jáde, wọ́n dá African Church Bethel sílẹ̀. Johnson fúnra rẹ̀ kò bá wọn lọ. Wọ́n tọ́ ìyá mìíràn, ìjọ náà sì wà títí dòní.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi oyin léèrè. Ábúráhámù bi Lọ́ọ̀tì. Òun àgbà ló ní kí ọmọ kọ́kọ́ yan ilẹ̀. Ẹnì kan sọ fún mi pé ìyẹn ló sọ Lọ́ọ̀tì di ará Sódómù. Bóyá. Ṣùgbọ́n Lọ́ọ̀tì ló yàn án, ìlawọ́ Ábúráhámù kò tìtorí ẹ̀ di ẹ̀bi.

Nítorí náà, kí a bi àwọn tó ń lọ ohun tí wọ́n nílò. Bí wọ́n bá ní ìlù ni, kí ìlù lọ. Bí wọ́n bá ní arábìnrin tó ń kọ́ wa ní Bíbélì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́? Ibẹ̀ ló le sí, torí èmi náà fẹ́ kó dúró. Síbẹ̀, kí a bi òun náà, kó fẹnu ara rẹ̀ yàn.