Ìforítì Ni Tàbí Oríkunkun?

Ìbéèrè kan wà tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ènìyàn bá fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí gbogbo ayé yìn ín fún, tí ó sì wá fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ ṣe iṣẹ́ mìíràn tí kò yọrí, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì pa á tì, kí ni a ó wí nípa irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ṣé ìforítì ni a ó pe ìwà rẹ̀, tàbí oríkunkun? Ọ̀rọ̀ yìí kan olúkúlùkù wa, nítorí pé agbára káká ni a fi lè rí ilé tí kò ní àgbàlagbà kan tí ó di nǹkan mú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jù ú sílẹ̀. Kí a má baà fi ará ilé wa ṣe àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́gbọ́n ayé, èyíinì ni Albert Einstein.

Ìlú Ulm ní ilẹ̀ Jámánì ni a bí i sí ní ọdún 1879. Nígbà tí ó di ẹni ọdún 26, ní 1905, ó kọ àwọn ìwé kan tí ó yí ìmọ̀ ènìyàn padà nípa ìmọ́lẹ̀ àti àkókò. Ní 1915 ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa òòfà, agbára tí ń fa èso igi bọ́ sílẹ̀ tí ó sì ń mú kí ayé máa yí oòrùn ká. Ó ní bí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ bá gba ẹ̀bá oòrùn kọjá, yóò tẹ̀ díẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn lójú, àwọn onímọ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ wò ó ní Sobral ní ilẹ̀ Brazil, àti ní erékùṣù Príncipe, nínú òkun tí ó wà ní gúúsù ilẹ̀ wa níbí. Ohun tí wọ́n rí bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Láti ìgbà náà ni orúkọ rẹ̀ ti kàn yí ayé ká.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí ìtàn rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n Einstein tún lo nǹkan bí ọdún 36 láyé lẹ́yìn náà, àwọn ọdún wọ̀nyí gan-an ni a sì ní í bá yín sọ.

Òfin kan ṣoṣo ni ó ń wá. Ṣáájú kí a tó bí i, James Clerk Maxwell ti fi hàn pé agbára iná mànàmáná àti agbára irin òòfà kì í ṣe méjì, ọ̀kan náà ni wọ́n. Einstein wá rò ó pé, bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí òòfà ilẹ̀ pẹ̀lú so pọ̀ mọ́ wọn. Ó ń ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́dọọdún. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1929 ó tẹ ọ̀kan jáde, ìròyìn rẹ̀ sì gba ayé kan. Ní London, ilé ìtajà ńlá kan lẹ gbogbo ojú ìwé náà mọ́ fèrèsé, àwọn èrò ọ̀nà sì ń ṣùjọ láti kà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bóyá ni ó fi yé ẹnì kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n Wolfgang Pauli, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ físíìsì tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, kọ̀wé sí i pé ọ̀nà náà kò lè já sí ibì kankan, àti pé kí ó tó tó ọdún kan, Einstein fúnra rẹ̀ yóò fi í sílẹ̀. Ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Ní 1932 ó kọ̀wé sí Pauli pé òun ni ó jàre. Lẹ́yìn náà ó tún gba ọ̀nà mìíràn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì tí ó yà á kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ kúáńtọ́ọ̀mù, tí ń sọ bí àwọn ohun tí ó kéré bí átọ́ọ̀mù ti ń ṣe. Òun gan-an wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ ilé náà lélẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí Niels Bohr, Werner Heisenberg àti àwọn mìíràn kọ́ ọ dé òrùlé, ó kọ̀, kò gbé inú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ náà ní a kò lè sọ ní pàtó ohun tí átọ́ọ̀mù kan yóò ṣe, bí ó ti ṣeé ṣe tó nìkan ni a lè ṣírò. Einstein ní òun kò gbà pé Ọlọ́run ń ṣẹ́ kèké. Kí ó má baà ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, kì í ṣe Ọlọ́run tí ń gbọ́ àdúrà ni ó ní lọ́kàn, bí kò ṣe ètò tí ó wà nínú ẹ̀dá. Ní 1935, lẹ́yìn tí ìjọba Hitler ti mú kí òun tí ó jẹ́ Júù kó lọ sí Princeton ní Amẹ́ríkà, òun, Boris Podolsky àti Nathan Rosen kọ ìwé kan. Wọ́n ní bí ohun kékeré méjì bá ti pàdé rí tí wọ́n sì pínyà, bí a bá wọn ọ̀kan, a ó mọ ti èkejì lójú ẹsẹ̀, bí ó ti wù kí ó jìnnà tó. Nítorí náà ẹ̀kọ́ tí kò lè sọ èyí tẹ́lẹ̀ kò tíì pé. Bohr dá wọn lóhùn ní ọdún kan náà, ọ̀pọ̀ sì gbà pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Wọ́n ka Einstein sí ẹni tí ìgbà ti kọjá lórí rẹ̀.

Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 1955, ní ẹni ọdún 76. Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ni ó ti ní kí wọ́n bá òun kó ìwé ìṣirò òun wá. Kò rí òfin kan ṣoṣo náà.

Ǹjẹ́ ó jẹ̀bi bí? A kò ní tìtorí ọ̀wọ̀ àgbà pa òtítọ́ mọ́. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ti rí i pé agbára méjì mìíràn tún wà nínú àárín átọ́ọ̀mù, kò fi wọ́n sínú ìṣirò rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ so gbogbo ìdílé pọ̀ kò gbọdọ̀ fi ọmọ méjì sílẹ̀ ní ìta. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ pẹ̀lú ní ẹ̀bi tiwọn. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi pa ìbéèrè ọdún 1935 tì, títí John Bell fi fi hàn ní 1964 pé a lè dán an wò. John Clauser dán an wò ní 1972, Alain Aspect ní 1982. Àbájáde rẹ̀ kò gbe Einstein. Ayé kò rí bí ó ti rò ó. Síbẹ̀ ìbéèrè rẹ̀ ni ó bí iṣẹ́ tí a fi fún Clauser, Aspect àti Anton Zeilinger ní ẹ̀bùn Nobel ní 2022. Ẹni tí ó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àní àwọn tí ó tẹ̀ lé e so ọ̀kan nínú agbára méjì náà pọ̀ mọ́ agbára iná mànàmáná, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1979. Òòfà ilẹ̀ kò tíì gbà títí di òní.

Ìdáhùn wa nìyí. Gígùn ọdún kọ́ ni a fi ń mọ ìforítì yàtọ̀ sí oríkunkun. Olórí kunkun a máa fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, a sì máa dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí kò tẹ̀ lé e. Einstein tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe àríwísí, ó sì gba àṣìṣe rẹ̀ fún ẹni tí ó lè bí lọ́mọ. Ní 1931 ó fi orúkọ Heisenberg àti Erwin Schrödinger sílẹ̀ fún ẹ̀bùn Nobel, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ sí ibi tí ẹ̀kọ́ wọn ń lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin àgbà wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín nítorí ọjọ́ orí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ kékeré lè sọ pé ọ̀nà yìí kò já. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ìdáhùn àgbà kò bá tọ̀nà, ẹ má ṣe da ìbéèrè rẹ̀ nù mọ́ ọn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.