Ewé Tó Lẹ̀ Mọ́ Àpáta

Bíbélì Kíkà: Dáníẹ́lì 1:8–16

Bí ẹ bá dúró sí Okokomaiko l'Ékòó láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó mọ bí odò ṣe ń já lu àpáta. Kọ́ńdọ̀ ń ké "Máìlì Tú!", akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LASU ń lé ọkọ̀ kórópe, ọlọ́jà ń wá ọ̀nà Alábà. Ẹni tí kò bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, èrò á gbé e lọ.

Irú ibi bẹ́ẹ̀ gan-an ni ilé ẹja kan ní odò Trombetas, ní Bràsíl. Tometes camunani ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ọdún 2013 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ìbátan piranha ni, ẹja tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ eyín àti ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ eyín tirẹ̀, ewé ló ń fi gé. Ewé ọ̀hún kì í hù nínú ẹrẹ̀. Àárín omi tó ń ru ló ń gbé, ara òkúta ni gbòǹgbò rẹ̀ lẹ̀ mọ́, àfi bí omi bá fà, tí àpáta yọrí síta, kó tó tanná. (Mo rò ó títí lálẹ́ àná: òdòdó tó ń dúró de ọ̀gbẹlẹ̀!)

Ẹpìyà tí à ń rà lọ́jà náà ń jẹ ewé, ṣùgbọ́n omi pẹ̀lẹ́ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹja ti Bràsíl yìí kò ní ibòmíràn láti lọ. Bí wọ́n bá fi dáàmù sé odò, tí omi dákẹ́, ewé á kú, ebi á sì pa ẹja.

Ẹ wá wo Dáníẹ́lì nínú ààfin Bábílónì. Kò bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dá òun padà sí Jerúsálẹ́mù. Ọ̀rọ̀ àwo oúnjẹ ló bá wọn sọ: ẹ̀fọ́ àti omi, fún ọjọ́ 10 péré. Ìwẹ̀fà tó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ń bẹ̀rù kí ọba má bẹ́ òun lórí. Dáníẹ́lì kò jà, ó yíjú sí olùtọ́jú òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí ó dán àwọn wò. Ààfin kan náà ló ṣì ń gbé, ìwé àwọn ará Bábílónì ló ṣì ń kọ́.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi ti fi ń gbàdúrà kí n rí iṣẹ́ tí kò ní máa gbé mi gba títì Badagry yìí. Ojoojúmọ́ ni mo ṣì ń jí ní Ìbà, tí mo ń gba ibẹ̀ kọjá. Mi ò tíì béèrè ohun tí mo lè rí jẹ níbẹ̀ rí.

Àdúrà: Olúwa, bí O kò bá tíì mú mi kúrò nínú omi yìí, fi oúnjẹ mi tó wà lórí àpáta hàn mí lónìí, kí n tó wọ ọkọ̀. Àmín.