Bí Ẹ̀jẹ̀ Bá Sọ̀rọ̀, Ta Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Gbọ́?

Ìbéèrè méjì ló máa ń wà lọ́kàn ẹni tí ara rẹ̀ kò yá: kí ló ń ṣe mí, ṣé màá sì yè é? Ìbéèrè kìíní ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sábà máa ń dáhùn. Bí ibà bá wà lára, ẹ̀jẹ̀ á sọ ọ́. Lóde òní, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti ń bi ẹ̀jẹ̀ ní ìbéèrè kejì náà, pàápàá lórí àrùn jẹjẹrẹ ọyàn. Ohun tí mo fẹ́ jíròrò nínú àròkọ yìí ni pé, bí ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan bá sọ nǹkan nípa ọ̀la rẹ̀, ta ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ? Ṣé obìnrin náà ni, àbí ọkọ rẹ̀, àbí àwọn ẹbí, àbí kí dókítà gbé ọ̀rọ̀ náà mì?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀bẹ bá gé ènìyàn lọ́wọ́, ojú ibẹ̀ á wú, á pọ́n, á sì gbóná. Ara ló ń jà fún ara rẹ̀. Nígbà tí ọgbẹ́ bá jinná, ìjà á parí. Ní 1863, dókítà ará Jámánì kan, Rudolf Virchow, ti ṣàkíyèsí pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, àwọn tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun ara, ń bẹ nínú kókó jẹjẹrẹ. Ní 1986, Harold Dvorak ní Amẹ́ríkà fi jẹjẹrẹ wé ọgbẹ́ tí kì í jinná. Ìjà ibẹ̀ kì í tán, a sì lè rí àmì rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fà ní apá.

Àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí kì í ṣe irú kan. Neutrophil ló máa ń tètè sáré dé ojú ìjà. Lymphocyte ló máa ń dá ọ̀tá mọ̀, tí ó sì lè pa sẹ́ẹ̀lì tó ti bàjẹ́. Bí a bá fi iye lymphocyte pín iye neutrophil, a ó rí nọ́ńbà kan. Bí neutrophil bá jẹ́ 60 nínú ọgọ́rùn-ún, tí lymphocyte sì jẹ́ 30, èsì rẹ̀ jẹ́ 2. Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe ìṣirò yìí. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá, nítorí inú àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn ń ṣe lójoojúmọ́ ni wọ́n ti ń rí i. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kan kó ìwádìí 15 jọ, lórí aláìsàn jẹjẹrẹ ọyàn 8,563. Wọ́n rí i pé ewu ikú láàrin àwọn tí nọ́ńbà yìí ga lára wọn ju ìlọ́po méjì ti àwọn tí tiwọn kò ga lọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní àwùjọ wa ni yóò ní kí a má ṣe sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn. Wọ́n ní ìbẹ̀rù a máa pa ènìyàn kí àrùn tó pa á. Wọ́n ní ẹni tó gbọ́ ọ lè kọ oúnjẹ, ó lè kọ oògùn, ó sì lè sọ ìrètí nù. N kò fi ọwọ́ rọ́ èrò yìí sẹ́yìn, nítorí ìfẹ́ ló bí i. Òfin Ìlera ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2014 pàápàá ní kí oníṣègùn jẹ́ kí aláìsàn mọ ipò tí ìlera rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ó yọ ibì kan sílẹ̀: bí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé mímọ̀ náà yóò ṣe aláìsàn ní ibi ju ire lọ.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí fífi ọ̀rọ̀ pamọ́ ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà, ní jẹjẹrẹ ọyàn. Wọ́n ń ta àńkárá, wọ́n sì ń gba àjọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà. Àwọn àgbà ẹbí mọ̀ pé àìsàn náà ti wọra, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ dókítà pé kí ó sọ fún Màmá Àgbà pé kókó lásán ni. Nítorí náà, Màmá Àgbà kò fa ìwé àjọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọn kò sọ ẹni tó jẹ wọ́n lówó. Wọn kò bá àbígbẹ̀yìn wọn jókòó sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá máa ń sọ fún ọmọ. Lẹ́yìn tí wọ́n papòdà, àwọn obìnrin ọjà wá sílé, kálukú pẹ̀lú káàdì àjọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn lóhùn. Ẹni tí kò jí kọ́bọ̀ rí wá di ẹni tí wọ́n ń pè ní onígbèsè. Àwọn ẹbí rò pé ìbẹ̀rù ni àwọn gbà kúrò lọ́rùn Màmá Àgbà. Orúkọ rere tí wọ́n ti ń kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ ló bá a lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé aláìsàn ló ni ọ̀rọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti fà á, ọjọ́ ayé rẹ̀ ló sì ń sọ. Òfin tí mo mẹ́nu bà béèrè ẹ̀rí nípa obìnrin yìí gan-an kí a tó fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. Pé ẹbí ń bẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n dókítà tó kàn ju nọ́ńbà sí aláìsàn lójú, tó ní "oṣù mélòó kan ló kù," òun náà kò sọ òtítọ́. Ẹ̀jẹ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ibà, egbò, àní àwọn oògùn kan pàápàá, lè yí nọ́ńbà yìí padà. Bákan náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni neutrophil wọn kéré sí ti àwọn òyìnbó láìsí àìsàn kankan. Àmì ẹ̀jẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Duffy, tí kò sí lára sẹ́ẹ̀lì pupa ọ̀pọ̀ nínú wa, ló fà á. Àìsí rẹ̀ yìí kan náà ló ń dáàbò bò wá lọ́wọ́ irú ibà kan. Nítorí náà, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ obìnrin Ṣáínà tàbí Yúróòpù ṣe lè má bá obìnrin Ìbàdàn mu. Kóńgò ọjà kan kì í dọ́gba pẹ̀lú kóńgò ọjà mìíràn.

Yàtọ̀ sí èyí, nọ́ńbà ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ṣe nọ́ńbà ẹnì kan. Ní 1982, Stephen Jay Gould, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, gbọ́ pé òun ní irú jẹjẹrẹ inú ikùn kan. Ó lọ kàwé nípa rẹ̀, ó sì rí i pé ìdajì àwọn tó ní in kì í lò ju oṣù mẹ́jọ lọ. Kò dúró síbẹ̀. Ó bèèrè nípa ìdajì kejì, ó sì rí i pé àwọn kan nínú wọn pẹ́ láyé dáadáa. Ogún ọdún ló lò sí i. Jẹjẹrẹ mìíràn ló pa á ní 2002. N kò sọ pé kíkàwé ló wò ó sàn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni ì bá dẹ́rù bà á. Odindi ọ̀rọ̀ ló fún un ní ìrètí.

Ẹnì kan lè bi mí pé, bí nọ́ńbà náà kò bá dájú, kí ni a fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwọn baba wa ti dáhùn: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Babaláwo kò dákẹ́ nítorí pé ọ̀la lè yí padà. Ó ń sọ ohun tó rí, ó ń sọ ohun tí a lè ṣe sí i, ó sì ń padà wò ó. Ó yẹ kí dókítà ṣe bẹ́ẹ̀: kí ó sọ èsì, kí ó sọ ibi tí ìmọ̀ èsì náà mọ, kí ó sọ ìtọ́jú tó kàn, kí ó sì dá ọjọ́ àyẹ̀wò mìíràn.

Àwọn kan wà tí kò fẹ́ gbọ́. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ṣùgbọ́n ẹnu tiwọn ló yẹ kó ti jáde. Kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ rárá, kí dókítà bèèrè pé, "Màmá, ṣé kí n máa sọ gbogbo èsì fún yín, àbí ẹ fẹ́ kí ọmọ yín máa bá yín gbọ́ ọ?" Ìbéèrè kékeré yìí kò náni ní kọ́bọ̀. Ọ̀nà tí a ó gbà sọ ọ́ náà ṣe pàtàkì: ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, púpọ̀ nínú wa ni yóò jókòó lọ́jọ́ kan níwájú dókítà pẹ̀lú ẹni tí a fẹ́ràn. Bí a bá fẹ́ràn ẹni náà, kí a má ṣe dúró láàrin òun àti ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí a sì jọ gbọ́ ọ.