Ẹ̀RÙ TÓ Ń BA ỌMỌ, ẸRÙ TA NI?

Iye àwọn ọmọ wa tó ń wọ yunifásítì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá ara wa sọ lọ́tẹ̀ yìí jẹ mọ́ àwọn ọmọ náà, ṣùgbọ́n àwa tí a bí wọn ló bá wí jù.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí ní Upper Sakponba nígbà tí orúkọ àwọn tó wọlé bá jáde. Ìyá ọmọ á máa jó láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ ọmọ Ẹ̀dó á bá wa yọ̀ bí ẹni pé ọmọ tiwọn ni. Bó bá di ọjọ́ ìpàdé, a ó pe ọmọ náà síwájú, àwọn àgbà á gbàdúrà lé e lórí, a ó sì dáwó fún un. Ẹnì kan kò ní ṣàì sọ pé, "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ ń ṣe." Òmíràn á ní, "Ìwọ ni ìrètí àwa tí a wà lẹ́yìn odi." Ọmọ á kúnlẹ̀, á ní ẹ ṣé o. Kò sí ẹni tó ń bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù nínú ibi tó ń lọ.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọkùnrin kan láàárín wa. A ò ní dárúkọ rẹ̀, a ò sì ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹlùbọ́, bàbá rẹ̀ ń ránṣọ. Wọ́n ta ilẹ̀ kékeré kan tí wọ́n ní nílé kí wọ́n lè rí owó àkọ́kọ́ san. Nígbà tí sáà kìíní parí, ọmọ náà fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ mẹ́rin nínú mẹ́jọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe èyí ní kẹ́rì-ófà, ìyẹn ni pé iṣẹ́ tí èèyàn kò bá yege nínú rẹ̀, yóò gbé e wọ ọdún tó ń bọ̀, yóò sì tún un ṣe. Kì í ṣe òpin ayé. Àìmọye èèyàn ló ti gbé e rí, tí wọ́n sì parí, títí kan àwọn kan tó ń wọ aṣọ ńláńlá jókòó sí iwájú nínú ìpàdé wa. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí kò lè sọ ọ́. Bí ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù, á ní, "Màmá, a dúpẹ́, ìwé ń lọ dáadáa." Irọ́ kìíní bí irọ́ kejì. Ní ọdún kejì kò tilẹ̀ wọ kíláàsì mọ́, síbẹ̀ owó ń lọ láti Upper Sakponba. Nígbà tí bàbá rẹ̀ lọ bẹ̀ ẹ́ wò láìsọ tẹ́lẹ̀, ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ló ti bá a.

Bàbá náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìyókù fún wa nínú ìpàdé, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun bi ọmọ náà pé kí ló dé tí kò fi sọ fún àwọn. Ọmọ náà kò dá a lóhùn fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó yá, ó ní, "Bàbá, mo mọ iye tí ẹ ta ilẹ̀ yẹn."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò lọ́kàn wa. Ìwé le lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwé kọ́ ló ń sá fún. Àwa ló ń sá fún. A ti rò pé ẹ̀rù ń ba ọmọ nítorí pé ọmọdé ni, kò tíì gbáyé. A ò mọ̀ pé ẹrù tiwa ló rù lọ.

Ìbéèrè tí a fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò nìyí: owó tí òbí fi rán ọmọ níwèé, ṣé ẹ̀bùn ni àbí gbèsè? Ọ̀pọ̀ wa á yára dáhùn pé ẹ̀bùn ni, ta ni í yá ọmọ rẹ̀ lówó? Àmọ́ ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí ẹnu wa ń sọ nínú ilé. "Ṣé o mọ ohun tí mo jẹ níyà kí o tó débí?" "Ìwọ lo máa kọ́ ilé tí bàbá rẹ ò lè kọ́." "Àwọn àbúrò rẹ ń wojú rẹ o." Ẹni tó bá ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí láràárọ̀ mọ̀ pé wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀ síbì kan.

Àwọn kan á ní ṣebí Yorùbá ló sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Òtítọ́ ni, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe náà gbọ́. Ó ní bó bá *dàgbà tán*. Kò sọ pé ọjọ́ tí ọmọ òkété ń lajú ni kí ìyá ti máa fa ọmú rẹ̀. Ìjọba pàápàá, tí kò sẹ́ni tó ń pè é ní aláàánú, ṣe dáadáa jù wá lọ níbi ọ̀rọ̀ yìí. Àjọ NELFUND tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó bẹ̀rẹ̀ sí gba ìbéèrè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024. Owó náà kò ní èlé. Òfin tó gbé e kalẹ̀ sọ pé ìgbà tí ọmọ bá ti parí àgùnbánirọ̀, tí ọdún méjì ti kọjá lórí rẹ̀, tó sì ti ríṣẹ́, ni yóò tó máa san án padà. Àwa ti ń béèrè tiwa lọ́jọ́ ìdágbére.

A mọ̀ pé àwọn àgbà kan kò ní gbà pẹ̀lú wa. Wọ́n á ní bí a bá mú ẹ̀rù kúrò lára ọmọ, yóò ya ọ̀lẹ, yóò sì lọ darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń fi íntánẹ́ẹ̀tì lu jìbìtì. A ò fojú di ọ̀rọ̀ wọn, nítorí ojú wa náà ti rí i ní ìlú Bìní yìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ẹ̀rù wà lára rẹ̀ dáadáa. Irọ́ ni ẹ̀rù náà kọ́ ọ, kò kọ́ ọ níwèé. Ọmọ tó mọ̀ pé òun lè sọ òtítọ́ nílé ní ẹni tí yóò bá a wí lákòókò. Èyí tí kò lè sọ ọ́, ta ni yóò bá a wí?

A sì máa ń yára dájọ́. Nígbà tí èsì ìdánwò JAMB ti ọdún 2025 jáde, ó lé ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ ọmọ tí kò gba 200 nínú 400. Ohun tí gbogbo àgbà ń sọ lọ́sẹ̀ náà ni pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò kàwé, fóònù ni wọ́n ń tẹ̀. Àwa náà sọ ọ́, a ò ní parọ́. Ní àárín oṣù Karùn-ún kan náà ni JAMB fúnra rẹ̀ jáde wá pé àṣìṣe ti wọ èsì àwọn ọmọ 379,997 ní Èkó àti ní àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, nítorí pé wọn kò ṣe àtúnṣe tó yẹ sí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń gba ìdáhùn níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé tó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà nígbà yẹn gba ẹ̀bi náà, ó tọrọ àforíjì, ó sì sunkún níwájú àwọn oníròyìn. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà tún ìdánwò ṣe. Àwọn kan bú u, àwọn kan yìn ín. Ohun tí àwa rí níbẹ̀ ni pé àgbàlagbà kan dúró ní gbangba, ó ní, ọwọ́ wa ni ó ti bàjẹ́. Àwọn bàbá tó ti na ọmọ wọn lórí èsì yẹn ńkọ́? Mélòó ló padà lọ bẹ ọmọ?

Bákan náà ni pẹ̀lú àkókò. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2022, àwọn olùkọ́ yunifásítì wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Oṣù mẹ́jọ gbáko. Síbẹ̀ a ń bi àwọn ọmọ pé, "Ṣé o ò tíì parí ni? Ọmọ lágbájá ti parí o."

Ohun mìíràn tún wà tó kan àwa tí a wà nílẹ̀ onílẹ̀. Àwọn ọmọ wa mọ ọ̀nà Ugbowo láti kékeré. Yunifásítì Bìní tó wà níbẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1970, kò ju kí a wọ bọ́ọ̀sì dé Ring Road, kí a tún wọ òmíràn. Wọ́n ń sọ èdè Ẹ̀dó ketekete. Àmọ́ ìgbà tí wọ́n bá mú fọ́ọ̀mù ni wọn yóò rí i pé ìpínlẹ̀ bàbá ni fọ́ọ̀mù ń béèrè, kò béèrè ibi tí a sin ibi ọmọ sí. Ìlànà tí a mọ̀ fún yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni pé ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún àyè wà fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kà sí ti agbègbè rẹ̀, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀ tó. Ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Ọ̀ṣun tí a bí sí Upper Sakponba lè bára rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ibi tó ti gbé dàgbà. Bí a bá sì rán an lọ sí Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín sí Yorùbá tó ń sọ. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gba máàkì tí kò dára, kì í rò pé iṣẹ́ náà ló le. Á ní bóyá òun kì í ṣe èèyàn ibí ni.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ méjì, Gregory Walton àti Geoffrey Cohen, ṣe ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní ọdún 2011. Wọ́n pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní, aláwọ̀ dúdú àti funfun, fún nǹkan bíi wákàtí kan péré. Wọ́n fún àwọn kan nínú wọn ní ọ̀rọ̀ àwọn tó ti ṣáájú kà: pé àwọn náà rò níbẹ̀rẹ̀ pé àwọn kò yẹ níbẹ̀, pé èrò yẹn sì lọ nígbà tó yá. Fún ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, máàkì àwọn aláwọ̀ dúdú tó ka ọ̀rọ̀ náà ń gòkè. Àlàfo tó wà láàárín wọn àti àwọn aláwọ̀ funfun dín kù ní ìdajì. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi ṣe é kò tó ọgọ́rùn-ún, Amẹ́ríkà kò sì jọ Upper Sakponba. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà yà wá lẹ́nu, nítorí kò sí owó níbẹ̀, kò sí olùkọ́ àdáni. Ẹni tó ti gba ọ̀nà náà kọjá ló kàn sọ ibi tó ti kọsẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni àwa ti ń kùnà. Bí a bá fẹ́ gba ọmọ níyànjú, Awólọ́wọ̀ la máa ń pè. A ó ní bàbá rẹ̀ kú ní ọdún 1920 nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11, síbẹ̀ ó di lọ́yà, ó sì di olórí Ìwọ̀-Oòrùn, ẹni tó mú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wá ní ọdún 1955. (Bìní náà jẹ nínú rẹ̀, nítorí abẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn ló wà títí di ọdún 1963.) Ṣùgbọ́n a kì í sọ fún ọmọ pé Awólọ́wọ̀ kan náà ṣòwò, òwò forí ṣánpọ́n, ó jẹ gbèsè. A kì í sọ pé ó ti pé ọmọ ọdún 35 kó tó gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1944, pé inú ilé ló ti kà á, pé ọdún 1946 ló tó di lọ́yà. Orí òkè tó dúró sí nìkan la ń fi han ọmọ, a wá sọ ọ́ di pàṣán.

Ọmọkùnrin wa ti padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Ọdún kejì ló tún wà, bàbá rẹ̀ ló sì lọ bá a bẹ àwọn olùkọ́. Nígbà tí a ń dágbére fún àwọn ọmọ tuntun lọ́dún tó kọjá, a ní kó wá bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sọ púpọ̀. Ó ní sáà kìíní máa ń le, pé kí wọ́n tètè lọ rí olùdámọ̀ràn ẹ̀ka wọn bí nǹkan bá ń dojú rú, kí wọ́n má sì parọ́ lórí fóònù nítorí pé irọ́ ń gba àkókò ju ìwé lọ. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín.

Ni ọ̀kan nínú àwọn àgbà wa bá dìde, lọ́yà ni. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun jókòó ṣe ìdánwò kan kí òun tó yege. Ìyàwó rẹ̀ yíjú wò ó. Ó hàn gbangba pé òun náà kò gbọ́ ọ rí.

Ọmọbìnrin kan tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí lẹ sọ fún màmá yín nígbà yẹn?"

Lọ́yà wa rò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mi ò sọ fún wọn. Títí wọ́n fi kú, mi ò sọ fún wọn."