Omi Aago Mẹ́fà

"Ṣé ẹ ti dé ibí rí, sà?" Ìbéèrè tí ọmọkùnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà bi mí nìyẹn, nínú ilé àlejò kan ní Kabong, nílùú Jọ́ọ̀sì, níbi tí mo ti sùn ní àìmọye ìgbà. N kò tètè fèsì. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, irọ́ kọ́. Bí mo bá ní rárá, kò dá mi lójú pé irọ́ ni.

Orúkọ àtijọ́ ṣì wà lára pátákó ẹnu ọ̀nà. Igi máńgòrò inú ọgbà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ onísìmẹ́ńtì ti di táìsì, jẹnẹrétọ̀ tó máa ń pariwo ti di sólà, wọ́n sì ti gbé ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná sí balùwẹ̀ yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ra ilé náà náwó sí i. Kò sí ohun kan tí mo lè tọ́ka sí pé ó bàjẹ́, ohun tó sì mú kí inú tó ń bí mi ṣòro ṣàlàyé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti omi. Jọ́ọ̀sì fi nǹkan bíi 1,200 mítà ga ju òkun lọ. Bí ọyẹ́ bá dé, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí àwa ará Ìbàdàn ń pè ní òtútù. Màmá tó ni ilé náà nígbà yẹn mọ̀ pé n kò lè fi omi tútù wẹ̀. Bí aago mẹ́fà àárọ̀ bá ti ń lù, màá gbọ́ garawa lẹ́nu ọ̀nà mi, gbọ̀ǹ, màá sì gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tó ń padà lọ. Wọn kì í kan ilẹ̀kùn. N kò sì bẹ̀ wọ́n rí.

Omi ẹ̀rọ tuntun yìí gbóná ju ti garawa lọ. Mo dúró lábẹ́ rẹ̀ títí ara mi fi yá gágá, inú mi kò dùn síbẹ̀. Bí kì í bá ṣe omi gbígbóná ni mo ń wá, kí ló wà nínú garawa yẹn?

Bóyá ẹnì kan tó mọ̀ mí ni. Níbì kan tí kì í ṣe ìlú mi, ẹnì kan wà tó mọ irú ènìyàn tí mo jẹ́ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Ẹ̀rọ ń fún gbogbo ẹni tó bá ṣí i ní omi kan náà. Ìyẹn kò burú, ó tiẹ̀ tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí a fún gbogbo ayé kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé a dá a mọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tó pọn nǹkan méjì: onílé. Onílé ni ẹni tó ni ilé. Onílé náà ni ẹni tí àlejò wọlé tọ̀, tó ń tọ́jú rẹ̀. A kì í yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí ẹnì kan náà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ọjọ́ tí a bá ta ilé ni wọ́n tó ń pínyà. Lọ́yà á kọ ilẹ̀ sínú ìwé, á kọ yàrá, kànga, ibùsùn, títí dórí orúkọ ara pátákó. Garawa aago mẹ́fà kò sí níbẹ̀. Ẹni tó ra ilé kò jí i gbé. Wọn ò tà á fún un ni.

Ibẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí, kí n di ẹ̀bi ru owó àti ayé òde òní, bí àwa tó ń dàgbà ti máa ń ṣe. Mẹ́gáàdì ni kò jẹ́. Òun nìkan ló ṣẹ́ kù nínú àwọn àtijọ́, ó dá mi mọ̀, ó sì fi Hausa bi mí pé ìgbà wo ni mo wá kẹ́yìn. Mo ṣírò rẹ̀: ṣáájú rògbòdìyàn oṣù Kọkànlá 2008. Ó mi orí. Ó ní lẹ́yìn ti oṣù Kìíní 2010, oṣù lè parí kí àlejò kan ṣoṣo má yà. Màmá fúnra wọn ló ń jí ní aago mẹ́rin láti dáná igi, nítorí kò sówó òṣìṣẹ́ mọ́. Wọ́n máa ń bèèrè àwa oníbàárà Ìbàdàn. A ò wá. Ẹ̀rù bà wá, n kò ní purọ́. Ẹ̀rù ba àwọn náà, wọ́n sì ń gbé ibẹ̀.

Onílé ń jẹ èso gbìngbindò, àlejò ní kí wọ́n ṣe òun lọ́wọ́ kan ẹ̀wà. Láti kékeré ni mo ti rò pé ọ̀kánjúà ni òwe yìí ń bá wí. Kì í ṣe ọ̀kánjúà nìkan. Àlejò kì í dé ilé ìdáná.

Ọ̀rọ̀ tó léwu sì ni àlejò ní Jọ́ọ̀sì. Nígbà tí reluwé kékeré láti Sàríà dé Bùkúrù ní 1914, iṣẹ́ ìwakùsà ti ń pe ènìyàn láti ibi gbogbo. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn Yorùbá mìíràn wà lára àwọn tó wá ṣòwò, wọ́n bímọ síbẹ̀, wọ́n sìnkú síbẹ̀. Títí dòní, ọmọ-ọmọ wọn lè lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ-ìbílẹ̀ kí wọ́n ní kó lọ bèèrè rẹ̀ ní ìlú baba rẹ̀. Ta ni onílé, ta ni àlejò: ìbéèrè yìí wà lára ohun tó dá iná tó jó ìlú náà ní oṣù Kẹsàn-án 2001, òun náà ló tún padà wá ní 2008 àti 2010. Láti Ìbàdàn ni mo ti ń dá sí àríyànjiyàn náà, mo ń sọ pé ibi tí ènìyàn bá ti jẹ ìyà àti oyin ni ilé rẹ̀. Bí òfin tèmi bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló kàn mí nínú ilé tí mo ti jẹ oyin nìkan?

N kò sọ pé ẹni tó bá sá kì í ṣe onílé mọ́. Àwọn tó kó ọmọ wọn kúrò ní Jọ́ọ̀sì láwọn ọdún náà ṣì ni ilé wọn. Oníbàárà bíi tèmi ni mò ń bá wí.

Mẹ́gáàdì ní Màmá ń bẹ láyé, ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ní Bùkúrù ni wọ́n wà. Láti Kabong, ọkọ̀ kì í lò tó wákàtí kan débẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo lò ní Jọ́ọ̀sì. N kò lọ.